Ọ̀gá Pátápátá Inú Ìkùdù

"Ẹja nìyí? Ṣíọ̀! Tanwíjí lẹ kó wá fún wa."

Ọmọbìnrin náà yínmú bó ti ń sọ ọ́. Inú ike tí ọkùnrin ẹlẹ́ja gbé kalẹ̀ níwájú òun àti ìyá rẹ̀ ni àwọn ọmọ ẹja àrọ̀ wà. Wọn kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, gbogbo wọn sì dọ́gba. Wọ́n ń fi irùngbọ̀n wọn tín-ín-rín tọ́ ara ike wò bí ẹni ń wá ilẹ̀kùn.

"Pa ẹnu ẹ dé," ni ìyá rẹ̀ sọ fún un.

"Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́, Ìyá," ni ẹlẹ́ja wí. "Wò ó, ọmọ mi, tí a bá ń ṣa ọmọ ẹja, kì í ṣe èyí tó tóbi là ń wá. Àwọn tó dọ́gba là ń wá. Àrọ̀ ò mọ ẹ̀gbọ́n, kò mọ àbúrò. Èyí tó bá fi orí ju ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn mì. Torí náà, ẹ máa yẹ̀ wọ́n wò nílé. Èyí tó bá ti yọrí, ẹ fi àwọ̀n gbé e, ẹ jù ú sínú dúrọ́ọ̀mù tiẹ̀. Ṣé o gbọ́?"

"Mo ti mọ̀," ni ọmọbìnrin náà dáhùn.

Kò mọ̀. Níbo ló ti fẹ́ mọ̀ ọ́n? Ọmọ tó jẹ́ pé inú ọbẹ̀ nìkan lòun àti ẹja ti ń pàdé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i! Ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Tíṣà bá ń ṣàlàyé ìṣirò lójú pátákó, "mo ti mọ̀." Ìyá rẹ̀ bá ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù, "mo ti mọ̀." Nígbà tó yá, ìyá rẹ̀ kúkú fi sọ ọ́ lórúkọ. Mo-ti-mọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ náà sì ń pè é. Ẹlòmíràn ì bá tijú irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Òun gbà á bí ẹni gba oyè.

Ẹlẹ́ja yíjú padà, òun àti ìyá jọ ń di ẹnu àpò oúnjẹ ẹja. Ike mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, àwọn ọmọ ẹja tí wọ́n ti dàgbà díẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Mo-ti-mọ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ti ọwọ́ bọ inú ike náà, ó mú ọ̀kan tó sanra, tó fi orí ju àwọn tiwọn lọ dáadáa, ó sì jù ú sínú garawa tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sílé. Ta ni orí ẹ̀ pé tí á máa ra kékeré nígbà tí ńlá wà? Bó ṣe rò ó nìyẹn. Kò tilẹ̀ sí lọ́kàn rẹ̀ pé olè lòun ń jà. Irú àwọn ọmọ báyìí, ohun tí wọ́n bá ṣe kì í ní orúkọ tí kò dára.

Kì í ṣe fún eré ni wọ́n fẹ́ sin ẹja. Bíríkìlà ni bàbá Mo-ti-mọ̀. Orí àkàbà ló wà níbi iṣẹ́ tí àkàbà fi yẹ̀, tó já bọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Wọ́n di ẹsẹ̀ náà, wọ́n ní kó lọ sinmi nílé, wọ́n sì kìlọ̀ pé kó máa jẹun dáadáa kí eegun lè tètè so. Ó dára. Níbo ni oúnjẹ dáadáa náà wà? Iṣẹ́ télọ̀ tí ìyá ń ṣe kò ju kí wọ́n fi rí oúnjẹ lásán jẹ lọ. Ẹran ti di ohun tí wọ́n ń rí lórí àtẹ ẹlòmíràn. Ìyá bá gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kejì fún ẹni tó fẹ́ rà á, ó fi ra búlọ́ọ̀kù, tapólì tí kì í jẹ́ kí omi jò àti oúnjẹ ẹja. Orí àga lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ni bàbá jókòó sí, tó ń júwe bí wọ́n ṣe máa to búlọ́ọ̀kù náà, tí ìyá àti ọmọ ń tò ó, títí ìkùdù ẹja fi dúró.

"Ẹja yìí ni ẹran wa o," ni bàbá wí nígbà tí wọ́n da àwọn ọmọ ẹja sínú omi. "Títí n ó fi dìde padà sẹ́nu iṣẹ́, inú ìkùdù yìí la ó ti máa jẹ ẹran. Mo-ti-mọ̀, ìwọ lo máa máa fún wọn lóúnjẹ, ìwọ lo sì máa máa ya àwọn tó bá tóbi sọ́tọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un."

"Mo ti mọ̀, Bàbá."

Omi ńkọ́? Ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀ tó wà lẹ́yìn ọgbà ni omi ti ń wá. Obìnrin náà ní kànga tó jinlẹ̀ àti ẹ̀rọ tó ń fa omi. Nígbà tó gbọ́ pé ẹsẹ̀ bàbá kán, òun fúnra rẹ̀ ló fa rọ́bà omi gba ojú ihò ọgbà wá sínú ìkùdù wọn. Ó ní kí wọ́n máa pààrọ̀ omi nígbàkígbà tó bá ti ń dọ̀tí. Bí rọ́bà náà bá yọ, á gba ẹnu ọ̀nà ọgbà wọlé, á tún un so, á sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Mo-ti-mọ̀ kò lè fojú rí obìnrin yìí. Kí ló ṣe é? Kò ṣe é ní nǹkan kan. Ó kàn jẹ́ pé ìhó ọṣẹ kì í kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ máa ń hunjọ nítorí omi, ohùn rẹ̀ sì máa ń lọ sókè jù. "Obìnrin tó ń fọ ìdọ̀tí àwọn èèyàn," ni Mo-ti-mọ̀ máa ń pè é lẹ́yìn. Ẹ gbọ́ o! Omi obìnrin yìí ló fi ń sin ẹja.

Ẹja tó jí mú yẹn kò já a kulẹ̀ rárá. Ó ń dàgbà bí ẹni tí wọ́n ń fi ọwọ́ fà. Kò pẹ́ tí Mo-ti-mọ̀ fi sọ ọ́ ní Ọ̀gá Pátápátá. Tó bá ń da oúnjẹ sómi, igun tí Ọ̀gá Pátápátá bá wà ló máa ń dà á sí jù. Àwọn yòókù a máa du èyí tó kù láàárín ara wọn.

Lọ́jọ́ kan, ó mú àwọ̀n lọ́wọ́. Lóòótọ́, ó mú àwọ̀n lọ́wọ́. Kí a má ba tirẹ̀ jẹ́ jù. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́ja ti wá sí i lọ́kàn, ó sì fẹ́ gbé Ọ̀gá Pátápátá lọ sínú dúrọ́ọ̀mù. Ìgbà náà gan-an ni àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ dé, tí ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Àgùnfọn nítorí ọrùn rẹ̀ gígùn sì ṣáájú wọn. Àgùnfọn yọjú wo omi, ó sì pariwo.

"Háà! Ẹja nìyí àbí ọmọ erinmi? Mo-ti-mọ̀, ìwọ lo sin eléyìí?"

"Èmi náà ni. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣà á."

"Tó o bá gbé e wá sí ìpàtẹ iṣẹ́ àgbẹ̀ nílé ìwé, ó ti parí nìyẹn. Ta ló fẹ́ bá ẹ du ipò kìn-ín-ní? Kí wá ni àwọ̀n ń ṣe lọ́wọ́ ẹ?"

"Wọ́n ní ká máa yọ èyí tó bá tóbi kúrò."

"Kó lọ jókòó sínú dúrọ́ọ̀mù bí ẹlẹ́wọ̀n? Kò ní dàgbà mọ́ nìyẹn! Àwọn àgbà yìí sá!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo-ti-mọ̀ náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ó sì ju àwọ̀n sílẹ̀. Ìgbà tí ìyá rẹ̀ bi í nírọ̀lẹ́ pé, "Ṣé o ti yà wọ́n?", ó ní, "Mo ti yà wọ́n, Màmá." Pákó ló bo ẹnu dúrọ́ọ̀mù. Iṣẹ́ wà nílẹ̀ fún ìyá tó pọ̀ ju kó máa ṣí pákó wò lọ. Ọmọ ẹni ní òun ti ṣe é, kí ló tún kù?

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ti ń yí padà nínú ìkùdù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí Mo-ti-mọ̀ ń da oúnjẹ sómi, Ọ̀gá Pátápátá yọrí sókè, nǹkan pẹlẹbẹ kan sì yọ síta lẹ́nu rẹ̀, ó ń mì. Ìrù ẹja ni. Ó rí i kedere. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé, "Ewé ni." Kò sí igi kankan nítòsí tí ewé lè já bọ́ láti orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti ṣèlérí ẹja ńlá fún gbogbo kíláàsì, ewé ló máa rí.

Àwọn díẹ̀ mìíràn tó rí bí Ọ̀gá Pátápátá ṣe ń jẹ kọ́ ìwà rẹ̀, àwọn náà sanra, wọ́n dojú kọ àwọn tó kù. Omi tó máa ń hó nígbàkígbà tí oúnjẹ bá balẹ̀ wá ń dákẹ́ sí i lójoojúmọ́.

Ìyá ló kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde. Ó wá síbi ìkùdù láti ṣa ẹja tí wọ́n máa fi se ọbẹ̀ fún bàbá. Ó da oúnjẹ sómi, ó dúró, ó tún da òmíràn.

"Kí ló dé tí omi yìí dákẹ́? Àwọn ẹja wa dà?"

Ó yẹ kí Mo-ti-mọ̀ sọ̀rọ̀ báyìí. Ó mọ ohun tó yẹ kó sọ, ó ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ojú rẹ̀ bá bọ́ sára rọ́bà omi, ó sì tẹ̀ lé rọ́bà náà títí dé ojú ihò ọgbà.

"Ta ló ń wọ ẹ̀yìnkùlé yìí tí kò bá ti sí ẹnì kankan nílé?" ló wí. Ó sì mọ̀ọ́mọ̀ gbé ohùn sókè. "Ẹni tó ń wá so rọ́bà lójoojúmọ́, ṣé rọ́bà nìkan ló ń so? Ẹ lọ yẹ ìkòkò ọbẹ̀ Ìyá Alágbàfọ̀ wò!"

"Mo-ti-mọ̀!" ni ìyá rẹ̀ ké.

Ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀. Àwọn oníbàárà tó wá gba aṣọ wọn ní òdìkejì ọgbà yíjú sọ́dọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìró bàtà gba ẹnu ọ̀nà ọgbà wọlé, Ìyá Alágbàfọ̀ sì dúró níwájú wọn, ìhó ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló jí ẹja?"

"Ẹ má bínú, Ìyá Alágbàfọ̀," ni ìyá wí. "Ọ̀rọ̀ ọmọdé ni."

"Ọmọdé wo? Èyí tó ga jù mí lọ yìí?" Obìnrin náà wo Mo-ti-mọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì pòṣé tó gùn. "Èmi! Èmi tí èébì máa ń gbé tí mo bá ti gbọ́ òórùn ẹja! Aṣọ funfun àwọn èèyàn ló wà níkàáwọ́ mi. Tí mo bá fọwọ́ kan ẹja yín, ta ló tún máa gbé aṣọ ẹ̀ wá fún mi? Kódà, tí mo bá ń so rọ́bà yín, ńṣe ni mo ń fi aṣọ bo imú. Omi mi lẹ fi ń sin ẹja, èmi náà lẹ wá sọ di olè lójú oníbàárà. Ó dáa. Ẹ ṣeun o."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa rọ́bà rẹ̀ yọ, ó sì ń wọ́ ọ tẹ̀ lé ara rẹ̀ padà. Ìyá sáré tẹ̀ lé e, ó ń bẹ̀ ẹ́. Kò wẹ̀yìn.

Ẹni tí kò bá tíì sin ẹja kò lè mọ ohun tí àìsí omi tútù ń dá sílẹ̀. Omi ìkùdù ṣú, ó ń rùn, àwọn ẹja sì ń yọrí sókè, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìyá àti Mo-ti-mọ̀ ń pọn omi láti ẹ̀rọ òpópónà, ìkùdù ń gbé e mu bí ẹni pé wọn ò bù ú sí i. Ọrùn Mo-ti-mọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé sínú èjìká. Nígbà tí kò sí ọ̀nà mìíràn mọ́, bàbá ní kí wọ́n gbọ́n omi náà dànù, kí wọ́n kó ìwọ̀nba ẹja tó bá wà jáde kó tó di òkú.

Ọjọ́ tí ilé ìwé wà ní ìsinmi ni wọ́n gbọ́n ọn. Bí ẹni pé wọ́n ránṣẹ́ pè wọ́n, Àgùnfọn àti àwọn ọmọ kíláàsì dé láti wá gbé Ọ̀gá Pátápátá lọ fún ìpàtẹ tí wọ́n máa ṣe lọ́jọ́ kejì. Bàbá náà fi ọ̀pá gbé ara rẹ̀ dé etí ìkùdù. Bí omi ti ń lọ sílẹ̀, gbogbo ojú ń lọ sílẹ̀ tẹ̀ lé e.

Ọ̀gá Pátápátá ló kọ́kọ́ yọ ẹ̀yìn, ikùn rẹ̀ ńlá wọ́ sórí tapólì. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀ tó sanra wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn mélòó kan tó rù, tí wọ́n ti gé ìrù wọn jẹ, wà ní igun. Ó parí. Ìkùdù tó yẹ kó bọ́ ilé fún ọ̀pọ̀ oṣù kò lè kún ìkòkò méjì.

"Níbo ni àwọn tó o yà sọ́tọ̀ wà?" ni bàbá béèrè.

Ìyá ṣí pákó lórí dúrọ́ọ̀mù. Omi òjò ló wà nínú rẹ̀, tanwíjí sì ń jó nínú omi náà. Kò sí ẹja kan.

Ìyá wọ inú ilé, ó mú ọ̀bẹ jáde, ó pa Ọ̀gá Pátápátá, ó sì la ikùn rẹ̀ níwájú gbogbo wọn. Odidi ẹja kan jáde níbẹ̀, ìrù ẹja kejì sì tẹ̀ lé e. Ewé Mo-ti-mọ̀ nìyẹn o.

"Yéè! Ó ń jẹ àwọn ọmọ ìyá ẹ̀!" ni Àgùnfọn ké, ó fi ọwọ́ di imú. "Mo-ti-mọ̀, ohun tó o fẹ́ gbé wá sílé ìwé nìyí? Ìríra! Ẹ jẹ́ ká máa lọ." Wọ́n sì lọ. Ẹni tó ní kó má fi ẹja sínú dúrọ́ọ̀mù kò tilẹ̀ dúró bá a kó ẹyọ kan.

"Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà," ni bàbá wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. "A wá ń wá olè kiri ẹ̀yìn ọgbà. Ṣùgbọ́n ẹja tí a rà dọ́gba. Báwo ni eléyìí ṣe wá tóbi tó báyìí?"

Ẹkún gba ẹnu Mo-ti-mọ̀, ọ̀rọ̀ sì tẹ̀ lé ẹkún. Ó sọ nípa ike kejì, ó sọ nípa àwọ̀n, ó sọ nípa ìrù tó pè ní ewé. Ìyá rẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀rọ mi kejì ni mo fi ra ìkùdù yìí," ni ìyá wí. "Mo ní kí bàbá ẹ lè rí nǹkan jẹ. Ní gbogbo àdúgbò yìí, ẹnì kan ṣoṣo ló jí ẹja. Ta ni?"

"Èmi ni, Màmá."

"Dìde. Lọ sọ́dọ̀ ẹni tó o pè lólè."

Ẹnu ọ̀nà ọgbà náà kò ju ìṣísẹ̀ díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí Mo-ti-mọ̀ tó débẹ̀. Ìyá Alágbàfọ̀ ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan, èéfín omi ń jáde lábẹ́ áyọ́ọ̀nù rẹ̀. Àwọn oníbàárà jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mo-ti-mọ̀ kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tó tutù.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà. Ẹ̀yin kọ́ lẹ mú ẹja wa."

Ìyá Alágbàfọ̀ kò gbé ojú sókè. Ó yí apá ṣẹ́ẹ̀tì padà, ó sì lọ̀ ọ́ títí dé ọrùn ọwọ́.

"Mo ti mọ̀," ló wí.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ǹṣì. Mo-ti-mọ̀ fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì.

"Ohùn tó o fi pè mí lólè kọ́ nìyí," ni Ìyá Alágbàfọ̀ tún wí. "Tọjọ́ yẹn lọ sókè. Dìde, kí gbogbo wọn gbọ́."

Mo-ti-mọ̀ dìde. Ó gbé ohùn sókè. "Ìyá Alágbàfọ̀ kò jí nǹkan kan! Èmi ni mo jí ẹja, èmi ni mo sì purọ́!" Ọ̀rọ̀ náà dé òpópónà. Ẹni tó ń kọjá dúró wò ó.

"Ó dáa," ni obìnrin náà wí. "Rọ́bà wà lára ògiri. N kò ní wá so ó fún yín mọ́. Ìwọ ni kó o máa so ó. Tó o bá sì ti so ó tán, aṣọ wà nínú báàfù níbẹ̀ yẹn tí ẹnì kan máa bá mi fọ̀. Ìdọ̀tí àwọn èèyàn ni. O ò kórìíra ẹ̀, àbí?"

Ó ti ń gbọ́ gbogbo nǹkan tí ọmọ náà ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọgbà kì í di etí.

Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n jẹ ọbẹ̀ tí kò ní ẹja nílé náà. Bàbá kì í sọ̀rọ̀ tó bá ń jẹ ẹ́, ìyẹn ló dun Mo-ti-mọ̀ jù. Ọwọ́ rẹ̀ hunjọ nítorí omi ọṣẹ, gẹ́gẹ́ bíi ti ẹni tó máa ń fojú tín-ín-rín wò. Nílé ìwé, Àgùnfọn ti sọ ọ́ ní "Ìyá Ẹja-jẹ-ẹja", kò sì sí ohun tó lè ṣe sí i. Nígbà tó fi rí owó díẹ̀ gbà lọ́wọ́ Ìyá Alágbàfọ̀ fún iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé e fún ìyá rẹ̀, àwọn méjèèjì sì padà lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́ja. Kí wọ́n tó ra ohunkóhun, Mo-ti-mọ̀ kọ́kọ́ san owó ẹja tó jí. Ẹlẹ́ja wò ó, ó mi orí, ó gba owó rẹ̀.

Ó tún gbé ike kalẹ̀. Mo-ti-mọ̀ bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀, ó ń ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́ wọn sójú àtẹ́lẹwọ́ wò kí wọ́n lè dọ́gba.

"Ṣé o rántí ohun tí mo sọ nípa yíyà wọ́n?" ni ẹlẹ́ja béèrè.

"Ẹ jọ̀ọ́, Sà," ni ọmọbìnrin náà wí, "ẹ tún un sọ fún mi."

Ó sì tẹ́tí sí i títí dópin. Ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní ọlọ́gbọ́n kì í gbọ́ ìkìlọ̀, ẹni tó bá sì fi irọ́ bo àṣìṣe rẹ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ náà ló máa bá a jìyà rẹ̀. Ìyẹn ló kọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, nínú ike kejì, ẹja kan tó sanra ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ yọrí sókè, ó la ẹnu sí i.

Mo-ti-mọ̀ yínmú sí i, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.